Power pack ni mo rà kẹ́yìn

Kí n tó ní kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi tò, orí laptop tòkunbọ̀ kan ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Eré kì í tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí laptop náà á ti gbóná bí ààrò, débi pé ìka ọwọ́ òsì mi kì í lè dúró lórí bọ́tìnì. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo máa ń ra pure water dídì méjì lọ́wọ́ ìyá tó ń ta mínírà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere, ní Ifẹ̀, n óò tẹ́ wọn sínú tíréè, n óò wá gbé laptop lé wọn lórí. Ó ń tutù lóòótọ́. Àfi lọ́jọ́ kan tí ìrì tó ń sẹ̀ lára ọ̀rá omi náà gba ihò abẹ́ laptop wọlé. Bí èmi àti ẹ̀ ṣe pínyà nìyẹn.

Ìgbà yẹn ni mo sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, n óò to kọ̀ǹpútà géèmù tèmi, èyí tó ní fáànù gidi nínú. Iṣẹ́ títẹ̀wé àti pírìntì ni mo ń ṣe, kò sì ní pẹ́ kí ọmọ iléèwé kan tó wá tẹ project lọ́dọ̀ mi tajú kán rí kọ̀ǹpútà náà lábẹ́ tábìlì, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi náà fẹ́ to tèmi, kí ni kí n rà?" N kì í dáhùn kíákíá mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ìdáhùn láìgbọ́ bí mo ṣe sun bọ́ọ̀dù ₦85,000, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń jókòó lé, níná, yóò lọ sun tirẹ̀.

Ọdún 2023 ni mo kọ ìwé ohun tí mo fẹ́ rà. Fídíò òyìnbó ni mo wò tí mo fi kọ ọ́, alẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án gbáko, dátà ń jẹ owó. Ohùn wọn ò yàtọ̀: graphics card ni kó gba owó jù, torí òun ló ń ya gbogbo ohun tí ojú ń rí nínú géèmù, processor, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló tẹ̀lé e, èyí tó bá ṣẹ́kù, pín in fún àwọn yòókù. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yẹn, iná ibẹ̀ kì í ṣàdédé lọ, bó bá sì lọ, kì í fi ìbínú padà dé. Lórí ìwé tèmi, power pack, àpótí tó ń gba iná lára ògiri tó ń pín in fún gbogbo ẹ̀yà yòókù, ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. N ò tilẹ̀ kọ iye síwájú rẹ̀. "Èyíkéyìí" ni mo kọ.

Àwa méjìlá la jọ ń dá àjọ ₦35,000 lóṣù, oṣù kọkànlá ni yóò sì kàn mí. Ǹ bá dúró. Àmọ́ lóṣù kẹfà ọdún náà ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye rẹ̀, ni dọ́là bá gbéra. Kò sí nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà tí wọn kì í fi dọ́là rà wọlé. Tí mo bá pe ontajà láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́, ẹni kan náà á sọ iye mìíràn. Àyà mi já. Mo yá ₦95,000, mo sì lọ ra káàdì lóṣù keje, nígbà tí n ò tíì ní bọ́ọ̀dù, tí n ò ní processor, tí n ò ní ohunkóhun tí mo lè kì í bọ̀.

Mo wọkọ̀ ní Mayfair ní kùtù hàì, mo bọ́ sílẹ̀ ní Berger, mo tún wọ òmíràn lọ sí Ìkẹjà. Ẹsẹ̀ mi ò tíì balẹ̀ dáadáa ní Òtígbà, ọjà kọ̀ǹpútà, tí ọmọkùnrin mẹ́ta ti dì mọ́ mi lọ́wọ́: "Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ rà? Ẹ má wulẹ̀ rìn jìnnà." Mo tẹ̀lé ọ̀kan lára wọn. Àṣé kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ni, owó ẹsẹ̀ tirẹ̀ sì ti wà lórí iye tí wọ́n pè fún mi. Káàdì tí mo rà ni RX 580 8GB. Ọdún 2017 ni RX 580 jáde, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́ gidi fún ẹni tó ń lo mónítọ̀ 1080p bíi tèmi, ìyẹn ò sì burú.

Ohun tí n ò mọ̀ ni ibi tí irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti ń bọ̀. Fún ọdún mélòó kan, àwọn kan ń fi graphics card wa Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, tọ̀sán-tòru, káàdì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ nínú yàrá kan. Lóṣù kẹsàn-án 2022, Ethereum yí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ padà, káàdì ò sì wúlò fún un mọ́. Wọ́n dà wọ́n sọ́jà lẹ́ẹ̀kan. Púpọ̀ nínú káàdì tòkunbọ̀ tí ẹ rí ti ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó kó tó wọkọ̀ ojú omi. Kì í ṣe pé kí ẹ má rà á. Ẹ yẹ àwọn ìdè rẹ̀ wò. Bí orí ìdè bá ti họ, ẹnì kan ti tú u rí. Ẹ fi imú sún mọ́ ọn, bóyá òórùn jíjóná wà lára rẹ̀. Ẹ yí fáànù rẹ̀ pẹ̀lú ìka, kó yí wẹ́rẹ́.

Èkejì tún wà. RX 580 méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan ní 2304 nínú àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ya àwòrán, èkejì ní 2048 péré. Orúkọ kan náà ló sábà máa ń wà lára páálí wọn, ìyàtọ̀ kékeré kan báyìí, "2048SP", ni ẹ máa rí, bí wọ́n bá kọ ọ́ rárá. Ayédèrú kọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó èyí tó pé ni mo san fún èyí tí kò pé. GPU-Z, sọ́fíwià ọ̀fẹ́ kan, máa ń fi iye yẹn hàn kedere níbi tí wọ́n kọ Shaders sí. Ìṣẹ́jú kan péré ni ó ń gbà. Níbo ni n óò ti ṣí GPU-Z? Kọ̀ǹpútà ò sí.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀, torí ó dùn mí ju èyí tó jóná lọ. Ọjọ́ méje ni ontajà fún mi láti fi dán káàdì náà wò. Ọjọ́ méje! Mo gbé e délé, mo fi aṣọ wé e, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo fi mọ̀ pé 2048 ni, ta ni n óò lọ bá? Owó tí mo rò pé mo fi sá fún dọ́là, ọ̀dọ̀ ontajà ló lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ ò bá tíì pé, kó fi pamọ́. Bó bá jẹ́ dandan kó ra nǹkan ṣáájú, kó ra kéèsì, ìyẹn àpótí tí a ń to gbogbo rẹ̀ sí, tàbí mónítọ̀, ohun tí ojú lásán lè yẹ̀ wò.

Oṣù kọkànlá dé, mo gba àjọ, ₦420,000. Mo san gbèsè, ó ku ₦325,000. Processor gba ₦118,000, bọ́ọ̀dù ₦85,000, RAM ₦40,000, SSD ₦36,000, kéèsì onígíláàsì ₦28,000. Ó ku ₦18,000. Mo ra power pack ₦14,000. ₦4,000 tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé mi délé. Mo bẹ awakọ̀ kó fi mí jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù. Mo rántí pé nígbà tí ontajà gbé power pack náà lé mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi fò sókè díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbé garawa tó rò pé omi kún inú rẹ̀. "650W" ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀ gàdàgbà. Inú mi dùn pé kò wúwo, torí ọ̀nà jìn.

Àwọn tó mọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín báyìí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo tò ó, lórí tábìlì oúnjẹ ìyá mi. Títò náà kò le tó bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù bani. Ohun tí kò bá yẹ kó wọ ibì kan kì í sábà wọ ibẹ̀. Mo tan iná. Fáànù yí, gíláàsì tàn yòò, mónítọ̀ dúdú kirimú. Mo tú u palẹ̀, mo tún un tò. Dúdú. Ọjọ́ kejì, dúdú. Ìyá mi, tó ń ta ata ní Odò-Ògbè, máa ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láàárọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á wo tábìlì, á ní, "Kò tíì jí?" N óò ní, "Ẹ ẹ̀n, mà, kò tíì jí."

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó sì mú kó pẹ́ nìyẹn. Àkọ́kọ́, ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ni mo ki wáyà mónítọ̀ sí dípò ẹ̀yìn káàdì. Processor Ryzen 5 5600 tí mo rà kò ní agbára àwòrán kankan nínú ara rẹ̀, ihò ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù yẹn kò lè mú ohunkóhun jáde láéláé. 5600G ló ní i. Bí mo bá tún ayé wá, 5600G ni n óò rà lákọ̀ọ́kọ́: ó máa ṣí, ó máa gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀díẹ̀, n óò sì ní ohun tí mo lè fi dán káàdì wò lójú ontajà.

Mo yọ wáyà, mo kì í sẹ́yìn káàdì. Ó ṣì dúdú. Èyí ni mo gbé lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mayfair. Kò fọwọ́ kàn án. Ó bi mí pé, "Bọ́ọ̀dù yìí, B450 ni, àbí? Ọdún wo ni processor rẹ jáde?" Mo ní 2022. Ó ní, "B450 ti wà lọ́jà láti 2018. Báwo lo ṣe fẹ́ kó mọ ọmọ tí wọn ò tíì bí?"

Ohun tó ń wí nìyí: inú bọ́ọ̀dù ni BIOS wà, ó dà bí ìwé orúkọ tí olùṣọ́ ẹnubodè mú lọ́wọ́. Processor tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò ní wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ihò mu régí. Àwọn bọ́ọ̀dù tuntun kan máa ń ní sítíkà "Ryzen 5000 Ready" lára páálí wọn. Òmíràn ní bọ́tìnì tí ẹ lè fi kọ BIOS tuntun sí i láti inú flash láìsí processor. Tèmi kò ní páálí, kò ní bọ́tìnì. Ẹ̀gbọ́n mú Ryzen 3 2200G kan jáde nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, èyí tí bọ́ọ̀dù náà mọ̀, ó ní òun á fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kò ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Ó ní iná ń ṣe ségesège, bátìrì ìnfátà òun kò sì kún. Mo ń kánjú, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáà ni." Ó wò mí. "Bí iná bá lọ níbi tó bá ti ń kọ ọ́, pákó lo máa gbé lọ sílé."

Lọ́jọ́ kejì a ṣe é lórí ìnfátà. Mo jókòó, mo ń wo nọ́ḿbà tó ń gòkè, n ò mí. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún, tó kú, tó tún jí fúnra rẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n náà pọ̀n. ₦5,000 ló gbà lọ́wọ́ mi.

Mo gbádùn ara mi fún bí oṣù kan. Ohun kékeré kan tí mo fẹ́ sọ kí n má baà gbàgbé: RAM tí wọ́n kọ 3200 sí lára, 2133 ló ń sá ní gbogbo ìgbà yẹn, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èèyàn gbọ́dọ̀ wọ inú BIOS lọ tan XMP kó tó lè sáré bó ṣe yẹ. Bákan náà ni mo ra ẹyọ kan ṣoṣo tó jẹ́ 16GB dípò 8GB méjì. Méjì ló yẹ, kí wọ́n lè jọ máa gbẹ́rù.

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kì í kú tí mo bá ń tẹ̀wé. Kì í kú tí mo bá ń wo fíìmù. Ṣùgbọ́n bí géèmù bá ti wọlé tán, tí àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, pá, ó ti kú, á sì tún tan ara rẹ̀. Mo ní Windows ni. Mo tún Windows fi sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní káàdì ni, mo bú ontajà fún odindi alẹ́ kan. Mo ní ooru ni, mo ṣí gíláàsì sílẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú àpótí yẹn ni mo fẹ̀sùn kàn tán pátá, àfi ọmọ ₦14,000.

Ọjọ́ keje oṣù kejì 2024, ọjọ́ tí Nàìjíríà fi pẹnáritì borí South Africa nínú AFCON. Gbogbo àdúgbò ń pariwo, ayọ̀ kún inú mi, mo wọlé pé kí n lọ gbá tèmi. Wọ́n mú iná, wọ́n dá a padà, gílóòbù yàrá mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Mo tan kọ̀ǹpútà. Géèmù wọlé. Mo gbọ́ "tàà!" bí ìgbà tí ọmọdé bá yin báńgà, mo sì gbọ́ òórùn. Òórùn yẹn, bí ìgbà tí wọ́n fi ìwo àgbò sínú iná. Ìyá mi kígbe láti pálọ̀, "Ta ló ń sun nǹkan?"

Nígbà tí mo gbé e dé Mayfair lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n yí power pack náà nídìí, ó fi ìka tọ́ àpótí kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, èyí tí mo ti ń wò láti oṣù mẹ́ta láìkà á. Níwájú "+12V" ni wọ́n kọ "18A" sí. Ó ní kí n ṣe ìṣirò náà fúnra mi. Ọ̀nà 12V yẹn ni káàdì àti processor ti ń jẹun. 12 lọ́nà 18, 216. Ìyẹn ni gbogbo wáàtì tí power pack náà sọ fúnra rẹ̀ pé òun lè gbé lójú ọ̀nà tó ṣe pàtàkì jù, láì ka ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sí. RX 580 nìkan ń jẹ tó 185W tó bá ń sáré. 65W ni wọ́n kọ sára processor. Àròpọ̀ méjèèjì jẹ́ 250 kí a tó dé ọ̀dọ̀ fáànù.

Ó ti tú ìdí rẹ̀ lẹ́yìn tó fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀yin ẹ má tú tiyín o, iná máa ń kù sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri, ó sì lè pa èèyàn. Inú rẹ̀ ṣófo bí ẹnu arúgbó. Lórí pátákó aláwọ̀ ewé náà, wọ́n ya àyè sílẹ̀ fún àwọn wáyà kíká tó ń sẹ́ iná kó tó wọlé, wọ́n tilẹ̀ kọ nọ́ḿbà wọn síbẹ̀, ṣùgbọ́n àyè náà ṣófo. Wáyà tín-ín-rín kan ni wọ́n fi so ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ èkejì. Kapásítọ̀ kan ti bẹ́, orí rẹ̀ là bí òdòdó. Processor yè. RAM, SSD àti káàdì yè. Bọ́ọ̀dù tí a fi èémí àti ìnfátà kọ BIOS sí, ó kú.

N ò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́ fún oṣù mẹ́rin.

Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, ìdí ògiri ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo ní nílé? Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, sitẹbiláísà kan, àti UPS ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ 650VA sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti rí i pé 360W ló jẹ́ ní tòótọ́. Mo wá ra power pack tí wọ́n kọ 550W sí, ₦58,000, tuntun, mo sì ka àpótí kékeré rẹ̀ kí n tó sanwó: +12V, 45A. 540. Ó wúwo débi pé mo gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé ibùdókọ̀. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé òun àti UPS mi ò ní gbọ́ra wọn yé: bí iná bá lọ tí UPS gbà á, kọ̀ǹpútà á kú náà ni. Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé pé iná tí UPS olówó pọ́ọ́kú ń mú jáde kì í lọ geere bí ìgbì omi, ó ń gun àkàbà ni, àwọn power pack tó dára sì máa ń ka ìyẹn sí ìyà. Ìnfátà tó jẹ́ pure sine wave ló bá a mu. N ò ní i. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú, n kì í tan géèmù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ra bọ́ọ̀dù, B550, pẹ̀lú páálí. Káàdì ló kẹ́yìn. Mo ta RX 580 fún ẹni tí mo sọ òótọ́ 2048 fún, mo fi owó kún un, mo sì ra GTX 1660 Super tòkunbọ̀, torí 125W ló ń jẹ, ó sì tún yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé odindi kéèsì lé itan láti Ifẹ̀ dé Berger. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Mo ki káàdì bọ̀ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí GPU-Z, mo fi géèmù sáré fún wákàtí kan, ontajà ń mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sanwó.

Èyí tó ń lọ báyìí kò ju 240W lọ tí mo bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo wò ó lára mítà onípríìpéèdì: wákàtí mẹ́rin kò tó yúnìtì kan. Gíláàsì iwájú kéèsì ni mo yọ dànù, mo fi stocking obìnrin nà án lójú, torí eruku ọyẹ́ Ifẹ̀ kì í ṣe eré. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń fọ̀ ọ́. Kò dára lójú. Bí a gún iyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Power pack tó bẹ́ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ kan mú ìwé tirẹ̀ wá, graphics card lókè, fáànù aláwọ̀ mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀, power pack nísàlẹ̀ láìsí iye. N ò sọ nǹkan kan. Mo gbé èyí tó bẹ́ lé e lọ́wọ́ òsì, mo yọ èyí tí ọ̀rẹ́ mi kan fi pamọ́ sọ́dọ̀ mi nínú páálí, mo gbé e lé e lọ́wọ́ ọ̀tún. Apá ọ̀tún rẹ̀ wálẹ̀. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó mi ti òsì létí.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú èyí?"

"Mo san ₦14,000 kí n tó mọ̀."

Ó gbé méjèèjì kalẹ̀, ó tọrọ bíírò lọ́wọ́ mi, ó sì fa ìlà sórí fáànù aláwọ̀ mẹ́ta.